Ìwé Kékeré Tí Ó Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà sọ ní Igbógílà

 

Wọ́n ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ra mọ́tò àlòkù. Wọ́n ní kí a sọ ti mọ́tò tí ń lo epo dísù, tí ó ti rin ìrìn púpọ̀, tí ó sì ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́tò. A kì í ṣe mẹkáníìkì. Àgbẹ̀ ni wá, oníṣòwò gàrí sì ni àwọn mìíràn nínú wa. Ṣùgbọ́n a ti ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní fi ojú wa rí nǹkan. Èkejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Ohun tí a rí nínú méjèèjì ni a óò sọ.

Ọdún 2014 ni. Ẹgbẹ́ alájọ wa jẹ́ ẹni mẹ́tàlélógún. Olúkúlùkù dá 50,000 náírà. Gbogbo rẹ̀ di 1,150,000 náírà. Ẹ̀yin náà mọ bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń jọ. Gàrí ni, àgbàdo ni, ata ni. Ìyá kan wà nínú wa tí ó ta ewúrẹ́ méjì kí tirẹ̀ tó pé. A fẹ́ mọ́tò tí yóò máa kó ẹrù wa lọ sí Ìlaró ní ọjọ́ ọjà, tí yóò sì máa gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹni mẹ́rin ni a rán lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà náà òfin ṣì gbà kí ènìyàn gba orí ilẹ̀ mú mọ́tò wọlé, kí ó sì san owó kọ́sítọ̀ọ̀mù. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Kútọnu mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Mọ́tò tò lọ jàǹtìrẹrẹ lórí iyanrìn bí iṣu nínú abà. Ọkùnrin kan mú wa lọ sí ìdí mọ́tò Jámánì kan. Funfun ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Nígbà tí a dé ìdí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ná. Inú wa dùn, a ní, "Ẹ ò rí i, ó ti ń dúró dè wá." Aago rẹ̀ kà 148,000 kílómítà. Ọkùnrin náà ní bàbá arúgbó kan ní Yúróòpù ni ó ni ín, pé ọjà nìkan ni bàbá náà ń fi í lọ. A wà á yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mejì. A sanwó.

Oṣù méjì ni ó fi dára. Ní oṣù kẹta, bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di kí dírẹ́bà máa yí kọ́kọ́rọ́ títí kí ó tó jí. Èéfín búlúù ń ti ìdí rẹ̀ jáde. Bí ó bá fẹ́ gbéra, yóò kọ́kọ́ dúró, yóò sì fò lójijì bí ẹni tí a gún ní abẹ́rẹ́. A ní epo tí a rà ni kò dára.

Ó di òru ọjọ́ kan. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa ń rọbí, agbẹ̀bí sì ní kí a tètè gbé e lọ. Mọ́tò kọ̀, kò jí. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wá tí a bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ń tì í. A tì í láti iwájú ilé títí dé ojú ọ̀nà ńlá. A tún tì í padà. Bí ìgbà tí a ń ti àkéte ni. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ dún ṣínńṣín. Ọ̀kadà ni ó gbé obìnrin náà lọ níkẹyìn, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú. Ọlọ́run ṣàánú wa. Òun àti ọmọ bọ́. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n ìtìjú òru ọjọ́ náà kò tán lára wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí títì náà kò fi ràn wá lọ́wọ́, nítorí ó ṣe kókó fún ará oko. Mọ́tò onífẹsẹ̀tẹjíà, bí ẹ bá tì í tí ẹ sì tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, táyà yóò yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò sì jí. Ti ọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró ni ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà rẹ̀. Pọ́ńpù kan ni ó ń ti òróró náà, ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń yí pọ́ńpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, òróró kò ní agbára, táyà àti ẹ́ńjìnnì kò mọ ara wọn mọ́. Ẹ̀yin ìbá tì í dé Ayétòrò, kò ní jí. Ẹ má sì ṣe fi okùn fa á jìnnà pẹ̀lú táyà tí ń gbé e rìn lórí ilẹ̀, nítorí jíà náà yóò máa yí láìní òróró, yóò sì jóná. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ọ́tò, bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ le.

Mọ́tò náà dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ó di ọdún 2016. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ń ta gàrí nínú wa ti wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nígbà náà. Ẹ mọ bí ó ti ń rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé: gbogbo ohun tí ó bá rí ni yóò máa kà. Páálí ọṣẹ, ara ògiri, ẹ̀yìn tánkà. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò náà lọ́jọ́ kan láti lé àwọn ọmọdé jáde. Ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé ara mọ́tò. Èdè òyìnbó mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní èdè. Ọdún 2011 wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, 317,600, pẹ̀lú km.

Ìwé tí mẹkáníìkì ọ̀hún máa ń lẹ̀ bí ó bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni. Ní 2011, mọ́tò náà ti rin 317,600 kílómítà. Ní 2014, aago rẹ̀ ní 148,000.

Ìyá náà wá bá wa ní ìpàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ṣé mọ́tò máa ń kéré sí i ni bí ó bá ń dàgbà?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn.

Ìwé náà wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a rà á. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí ilẹ̀kùn náà, a sì pa á dé. Ìwé ni, a kì í wo ìwé nígbà náà. A ta mọ́tò náà fún àwọn onírin ní 90,000 náírà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: ẹ má ṣe gba aago gbọ́. Aago tuntun rọrùn láti yí padà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ju bí ẹ ti rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ka yíyí aago mọ́tò padà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí kò bá sí olè, a kì í ṣòfin olè. Ẹ ka ohun tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti ìwé tí ó wà nínú àpótí iwájú. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí ó bá ti jẹ dé irin, mọ́tò náà ti rìn. Bí ó bá sì jẹ́ tuntun pátápátá lára mọ́tò àtijọ́, ẹ bi í léèrè. Ẹ wo ìjókòó dírẹ́bà, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ń di sitiárì mú. Ẹ tún ṣọ́ra fún máìlì. Mọ́tò Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, máìlì ni aago wọn ń kà. Máìlì kan lé díẹ̀ ní kílómítà kan àti ààbọ̀. Bí aago bá ní 200,000 máìlì, ó ti lé ní 320,000 kílómítà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rù mọ́tò nítorí pé ó ti rìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí. Mọ́tò dísù tí ó rin 400,000 lórí ọ̀dà tí ó tẹ́jú, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, lè sàn ju èyí tí ó rin 150,000 nínú gòsílóò tí kò sì rí ọ́ìlì tuntun. Irọ́ ni ó burú, ìrìn kò burú.

Ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì dísù ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ óò wò. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó rò ó. Ó béèrè fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1892, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Ní 1936 ni Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí ta mọ́tò kékeré tí ń lo ó. Orúkọ ọkùnrin náà ni a ń pe epo náà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fi iná púlọ́ọ̀gì tan epo. Ti dísù kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, lẹ́yìn náà ni yóò fín epo sí i, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu pọ́ńpù máa ń gbóná. Bákan náà ni.

Nísinsìnyí, bí inú ẹ́ńjìnnì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ yóò máa sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Kò ní gbóná tó. Ìgbà wo ni yóò hàn jù? Ní òwúrọ̀, nígbà tí irin tutù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, àrùn rẹ̀ á sá pamọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkùnrin Kútọnu fi ti jí i kí a tó dé. Kì í ṣe àwa ni mọ́tò ń dúró dè.

Nítorí náà, ẹ dé ibẹ̀ kí olówó mọ́tò tó jí. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kí i, kí ẹ ní ẹ óò padà wá lọ́la. Bí ó bá tutù, ẹ ní kí ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí ó dúró kí iná kékeré tí ó wà níwájú kú, kí ó tó jí i. Púlọ́ọ̀gì tí ń mú inú gbóná ni iná náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rere yóò jí kíá. Ẹni kan nínú yín kí ó dúró sí ẹ̀yìn, kí ó máa wo sàlẹ́ńsà. Èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí kò lọ ni kí ẹ fiyè sí. Búlúù ni pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú ni pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: bóyá fílítà afẹ́fẹ́ dọ̀tí, bóyá ohun tí ń fín epo ti bàjẹ́. Funfun tí kò dáwọ́ dúró nígbà tí ó ti gbóná, omi lè máa wọ inú iná, tàbí kí epo má jóná tán.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ tú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Ẹ yí i dojú bolẹ̀, kí ẹ gbé e lé ihò náà láìdè é. Bí ó bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń jó bí ìdérí ìkòkò ẹ̀bà, tí atẹ́gùn sì ń tì í ṣubú, ríìngì inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ má rà á. Ọ̀rọ̀ kan yìí nìkan ìbá ti gba ewúrẹ́ méjì ìyá yẹn là.

Ọ́ìlì dísù tètè máa ń dúdú, ẹ má ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bí tíì onímílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo omi ràdíétọ̀ náà bóyá òróró léfòó lórí rẹ̀. Ìgbà tí ó bá tutù ni o. Ẹni tí ó bá ṣí ràdíétọ̀ gbígbóná, ojú rẹ̀ ni yóò fi san án.

Ó kù sí jíà. Lẹ́tà mẹ́rin ni ẹ óò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹ sì ti mọ gbogbo wọn nínú ìwé kíkà yín. P ni ti ìdúró. R ni ti lílọ sẹ́yìn. N ni pé kò sí jíà. D ni ti lílọ síwájú. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá láti P sí R. Ẹ máa kà: ení, èjì. Kí ẹ tó pe èjì tán, kí mọ́tò ti mì díẹ̀ bí ẹni tí ó jí. Ẹ gbé e sí D, ẹ tún kà á. Bí ó bá pẹ́ títí, bí ó bá gbá gbòà, àìsàn wà níbẹ̀, jíà ọ́tò sì wọ́n í tún ṣe ju ẹ́ńjìnnì mìíràn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wà á jáde. Ẹ má ṣe yí pápá ká bíi tiwa. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, ẹ wá òkè kan gùn, nítorí àìsàn jíà kì í sábà hàn títí òróró rẹ̀ yóò fi gbóná. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ òdìkejì rẹ̀: òtútù ní í tú àṣírí tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kígbe tí mọ́tò kò sì yára sí i, jíà náà ti ń yọ̀.

Bí mọ́tò náà bá ní ọ̀pá tí a fi ń wo òróró jíà, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún mọ́ aṣọ funfun. Òróró rere pupa bí omi sóbò. Èyí tí ó ti jóná dúdú, ó sì ń rùn bí epo tí a fi din àkàrà ní ìgbà mẹ́wàá. Àwọn mọ́tò ìgbà yìí mìíràn kò ní ọ̀pá náà rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó.

Ẹnìkan bi wá léèrè lẹ́ẹ̀kan pé, ṣé kì í ṣe èyí tí ó tuntun jù ni ó sàn jù? Fún dísù ní oko, a kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn dísù tuntun láti Yúróòpù ní fílítà kan nínú sàlẹ́ńsà tí ń gba ẹ̀rúdú èéfín. Dísù tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an ni fílítà náà fẹ́, àti ìrìn gígùn lórí ọ̀nà tí ó já gaara. Epo inú kẹ́ẹ̀gì àti ọ̀nà oko wa kò bá a mu, yóò dí. Ẹ sì rántí oṣù kọkànlá 2019, nígbà tí wọ́n dá epo dúró sí àwọn ilé epo tí kò jìnnà ju 20 kílómítà sí ààlà. Kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ wá lọ ń rà. Omi àti ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀tá pọ́ńpù dísù. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò dísù lágbègbè yìí, ẹ tú omi ìsàlẹ̀ fílítà epo rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde.

Àwọn mìíràn ń ra dísù nítorí pé kì í jẹ epo púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lítà dísù kan kò tó 300 náírà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé nǹkan bí 800. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà tún wà ńbẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ṣí ní Ìbéṣè ní 2012, àwọn tí ó mọ dísù tírélà kò ṣòro í rí. Ẹni tí ó mọ jíà ọ́tò ni kí ẹ wá kí ẹ tó rà.

Ìwé mọ́tò ńkọ́? Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2017, ìjọba Nàìjíríà kò gbà kí mọ́tò gba ààlà orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Èyí tí ó bá gba inú igbó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́sítọ̀ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ yín, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó fún ẹni tí ó tà á. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ mẹ́tàdínlógún, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ wò ó lára irin mọ́tò, ẹ wò ó nínú ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù. Ẹ fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ dìde.

Ní 2021 a tún dá owó. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta ni a ti rí mọ́tò. Ìyá onígàrí wa ni a fi ṣe olórí àwọn tí a rán. Wọ́n sùn sílé ẹbí kan. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gba àyè lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò. Aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Páálí gbẹ. Ẹ́ńjìnnì tutù bí òkúta odò, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan. Aago rẹ̀ kà 386,000. Ìyá wa ní kí bàbá náà mú ìwé tí ó fi ń kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì wá. Bàbá náà wọlé, ó mú un jáde. Ìyá wa jókòó lórí pèpéle, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé mọ́kànlá. Kílómítà náà ń gòkè ní gbogbo ìgbà, kò fìgbà kan sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tó tú owó nínú ìdí aṣọ rẹ̀.

Mọ́tò náà yóò wà níwájú ilé ìwé yìí ní òwúrọ̀ Sátidé. A kò ní jí i títí ẹ óò fi dé. Ẹ tètè dé kí oòrùn tó yọ, kí olúkúlùkù lè gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà tí ó tutù. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Nọ́ńbà ṣásí ni a óò kọ́kọ́ kọ.